Ẹ Bi Olùkọ́: Ibo ni kálísíọ́mù inú èèpo ẹyin ń lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Olùkọ́. Wọ́n ní kí ọmọ mi ki ẹyin tútù bọ inú fínígà, kó wá ròyìn ohun tó bá rí ní kíláàsì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ẹyin náà sì ti wú. Inú rẹ̀ dùn, ló bá tún ki egungun itan adìyẹ bọ inú fínígà mìíràn. Ìyẹn kò hó, kò sì yí padà. Ó wá ń bi mí pé ṣé kálísíọ́mù egungun yàtọ̀ sí ti ẹyin ni, àti pé ibo gan-an ni èèpo ẹyin gbà lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. — Ìyá Oníbéèrè

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ bá mi kí i dáadáa, torí ìbéèrè rẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í bèèrè. Wọ́n á kàn sọ pé fínígà ti jẹ kálísíọ́mù tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Fínígà kò jẹ ẹ́ rárá. Inú omi tó ṣẹ́kù nínú ife lẹ́yìn tí ẹ yọ ẹyin ni kálísíọ́mù náà wà, ojú lásán ni kò rí i.

Nínú èèpo ẹyin, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ló jẹ́ kálísíọ́mù kábónéètì. Òun náà ló wà nínú òkúta mábù àti ìkarawun ìgbín. Nígbà tí fínígà bá dé, kì í ṣe kálísíọ́mù ni ásíìdì inú rẹ̀ ń bá jà, kábónéètì ló dojú kọ. Ó ń tú u palẹ̀ di omi àti carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí síta. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń hó wẹ́wẹ́ lára èèpo. Bí ọmọ bá tẹjú mọ́ ọn, yóò rí i tí ẹyin ń rọra gòkè nínú ife, tó ń yí, tó tún ń rì, nítorí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ló ń gbé e. Kálísíọ́mù tí kábónéètì fi sílẹ̀ á wá so mọ́ ásíìdì fínígà, àwọn méjèèjì á di iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní calcium acetate. Iyọ̀ yìí ń yọ́ nínú omi, ìyẹn ni èèpo fi dàbí ohun tó fò lọ.

Ìṣirò díẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀. Èèpo ẹyin ńlá kan ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 5 sí 6. Fínígà inú ìgò sì sábà máa ń jẹ́ omi, ásíìdì rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ. Nítorí náà, ó máa gbà tó mílílítà 125 kí èèpo kan tó lè yọ́ tán, afẹ́fẹ́ tó sì máa jáde á ju lítà 1 lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dé ìgò náà pa o, afẹ́fẹ́ náà á fipá wá ọ̀nà jáde. Bí híhó bá sì dáwọ́ dúró tí èèpo ò tíì tán, ásíìdì ló tán. Ẹ bu fínígà tuntun sí i, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ni pé a lè mú kálísíọ́mù náà padà wá sójú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi yẹn. Ẹ po sódà ìfọṣọ mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ máa da ìyẹn sí i díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ yóò hó gan-an, torí ásíìdì ṣì kù níbẹ̀. Ẹ má dá a dúró. Bí híhó bá ti ń rọlẹ̀, omi á dédé funfun, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ sí ìdí ife. Kálísíọ́mù kábónéètì ni, òun gan-an tó wà lára ẹyin tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ kẹ́mísìrì, ibí yìí ni àwọn ọmọ ti máa ń dìde lórí àga wá yí tábìlì mi ká.

Ní ti wíwú, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà lábẹ́ èèpo. Purotéènì ni wọ́n, fínígà ò lè yọ́ wọn. Omi ń gba ara wọn wọlé, ṣùgbọ́n purotéènì ńláńlá tó wà nínú ẹyin kò lè gba ibẹ̀ jáde. Ìyẹn ló fi wú. Bí ẹ bá gbé e sínú omi ṣúgà tó ki dáadáa, omi inú rẹ̀ á jáde, yóò sì rún jọ. Ẹyin tútù ṣì ni o, kí ọmọ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹ́.

Ó wá ku egungun, èmi gan-an fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Kálísíọ́mù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹyin rárá. Ohun tó so mọ́ ló yàtọ̀. Nínú egungun, fọ́sífétì ni kálísíọ́mù so mọ́ jù, kábónéètì ibẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ásíìdì bá kan fọ́sífétì, kì í di afẹ́fẹ́, ńṣe ló ń yọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi híhó wọn iṣẹ́ tó ń lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèpo ẹyin kò nípọn tó ìdajì mílímítà, egungun itan sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, láti ìta sì ni ásíìdì ti ń wọ inú rẹ̀ lọ. Kí ó há ẹran àti ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, kí ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ó sì máa pààrọ̀ fínígà.

Lẹ́yìn náà kó yọ ọ́, kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Yóò tẹ̀, kò ní dá. Bí egungun náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, èèyàn lè ta á ní kókó. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ni collagen, àwọn fọ́nrán purotéènì tó jẹ́ pé orí wọn ni kálísíọ́mù àti fọ́sífétì dì sí. Ẹ wò ó bí aṣọ tí a rì sínú sítáàṣì: bí a bá fọ sítáàṣì kúrò, aṣọ ṣì wà, líle rẹ̀ ni kò sí mọ́. Iná ní tirẹ̀ ń ṣe òdìkejì ohun tí fínígà ṣe. Egungun tó jó dáadáa á di funfun, ìrísí rẹ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìka lásán á rún un wómúwómú, torí collagen ti jóná, ohun líle nìkan ló kù. Kò dùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ pé kálísíọ́mù ni egungun, tí wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ nítorí pé vitamin D kò tó lára rẹ̀, collagen rẹ̀ wà, ohun líle ni kò dì sí i tó. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù lára collagen. Egungun tiwọn ń kán wẹ́rẹ́, bí kálísíọ́mù ti wù kó pọ̀ tó nínú oúnjẹ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ma, ẹ kú làákàyè. Àràárọ̀ ni mò ń fi omi la fínígà ápù mu, kí ara mi lè fúyẹ́. Àbúrò mi rí egungun tó rọ̀ nínú fínígà, ó ní bí mo ṣe ń yọ́ egungun ara mi nìyẹn. Ọmọ ọdún 58 ni mí, mi ò rí nǹkan oṣù mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. — Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Fínígà tí ẹ mu kì í dé ara egungun. Ásíìdì tí ikùn fúnra rẹ̀ ń pèsè le ju ti fínígà lọ, bó bá sì ti kúrò níbẹ̀, oje inú ìfun á rọ̀ ọ́ lójú. Èyí tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á jó o di agbára bó ṣe ń jó oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló sì ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó hàn (bó bá ṣe ń kéré sí i ni ásíìdì ń pọ̀ sí i), má kúrò láàárín 7.35 sí 7.45.

Eyín yín ni mò ń bẹ̀rù fún, torí ẹnu ni fínígà ń gbà kọjá kó tó dé ibikíbi. Ara eyín lóde jẹ́ kálísíọ́mù àti fọ́sífétì bíi ti egungun, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà tí pH bá wá sí nǹkan bíi 5.5. Ti fínígà jẹ́ nǹkan bíi 2.5. Èyí tó bá sì ti ṣí kúrò lára eyín kì í hù padà. Ẹ là á dáadáa, ẹ má fi í sẹ́nu pẹ́, ẹ fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tó wákàtí 1 kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan eyín. Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí èyí tó ń mú ni tọ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún.

Ohun tó ń mú egungun obìnrin fúyẹ́ ní ọjọ́ orí yín kò sí nínú ìgò fínígà. Estrogen, ìyẹn họ́mọ́ùnù obìnrin, tó lọ sílẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù dá ni. Àǹtí mi, ẹ bá mi bi dókítà nípa àyẹ̀wò bí egungun yín ṣe ki tó, kí ẹ sì máa rìn, kí ẹ máa gbé ohun tó wúwo níwọ̀nba. Èyí ká mi lára ju ti fínígà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Nǹkan funfun kan ti dì sí ìdí ìkòkò oníná tí mo fi ń se omi. Ṣé fínígà lè ṣí i? — Olùkàwé

ÌDÁHÙN: Ó lè ṣí i dáadáa. Kálísíọ́mù kábónéètì tó ti inú omi wá ni. Ẹ po fínígà àti omi ní dọ́gbadọ́gba, ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 1, kí ẹ sì ṣan ìkòkò náà léraléra. Ẹ má ṣe da bílíìṣì mọ́ ọn láé. Chlorine ni yóò jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.