Èsì: Yàrá ńlá níwájú ilé àbí lẹ́yìn?

Ẹ kú iṣẹ́ ilé kíkọ́ o. Ẹ bi mí bóyá iwájú ilé ni kí yàrá ńlá tí ẹ ó máa sùn sí wà àbí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé títì tó bọ́ sí Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta ló wà níwájú ilẹ̀ yín. Ọlọ́kadà ò ní jẹ́ kí ẹ sùn.

Àmọ́ ẹ ní àpáta wà lẹ́yìn. Kí bíríkìlà tó gbẹ́ fáúńdéṣọ̀n, ẹ lọ fọwọ́ kan àpáta náà ní aago mẹ́jọ alẹ́: ooru tó ti fà mu láti ọ̀sán ṣì wà lára ẹ̀. Tí òjò bá sì dé, orí ẹ̀ lomi ti máa ń ṣàn wá bá ògiri. Tí kò bá sí àyè fún gọ́tà tó jinlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ẹ yáa padà síwájú, kí ẹ fara da ariwo.

Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá ni mi ò ní gbà rárá. Ẹ̀yìn náà làwọn tó ń ya pláànù sábà máa ń jù ú sí, láì wo ibi tí fèrèsé yàrá wà. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín ẹ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ gbé e jìnnà sí gbogbo fèrèsé.