Akpan tó ń wú nínú ìgò: ìgbà tí inúlíìnì àti kápúsù ń wọlé, àti ìwọ̀n wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní akpan, ohun mímu tí a fi ògì ṣe, ni ẹ ń tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ fẹ́ kí ó máa tún ìfun àwọn oníbàárà yín ṣe, ni ẹ bá ra ìyẹ̀fun inúlíìnì, ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì tó kún sí lítà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ògì ń hó lórí iná. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tú kápúsù probiotique (kòkòrò tó ń ran ìfun lọ́wọ́) márùn-ún tí ẹ rà ní fámásì sí i, ẹ rọ ọ́ sígò. Akpan dùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì ìgò wú, ìdérí ń fò, àwọn tó mu ún sì ń sọ pé inú àwọn ń fẹ́. Ẹ wá béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni méjèèjì, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn gan-an ló fi hàn. Inúlíìnì wọlé nígbà tí kò yẹ kó wọlé, ó sì pọ̀ jù. Kápúsù yẹn ní tiẹ̀, kò yẹ kó débi ohun tó ní ṣúgà rárá.

Gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ chicorée ni wọ́n ti ń yọ inúlíìnì, ní Belgium àti Netherlands pàápàá. Ṣúgà fruktose ni, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀, láti orí méjì títí dé nǹkan bí ọgọ́ta lórí okùn kan. Ìfun kékeré wa kò ní ohun tó lè já okùn náà, nítorí náà bó ṣe wà ni yóò ṣe dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò bíi Bifidobacterium ti ń dúró dè é. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké: acetate, propionate àti butyrate. Butyrate yìí ni awọ inú ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ohun tí ẹ̀wà ń ṣe níkùn náà nìyẹn, ìdí kan náà sì ni: ẹ̀wà ní ṣúgà tiẹ̀ tí ìfun kékeré kò lè dà, kòkòrò ìfun ńlá ló ń bá a parí rẹ̀. Nítorí náà, inú tó fẹ́ díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Inú tó fẹ́ tó ń dun ènìyàn, ìwọ̀n ló pọ̀ jù.

Ẹ wo ìwọ̀n yín. Ṣíbí ìjẹun tó kún lè gbé gírámù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì nínú lítà kan jẹ́ 20 ó kéré tán. Ẹni tó ra ìgò ìdajì lítà, tó dá a mu nínú oòrùn ọjà Ouando, ti gbé gírámù 10 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ní Yúróòpù, láti 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ gbà pé inúlíìnì chicorée gírámù 12 lójúmọ́ ń mú kí ènìyàn máa ṣu déédéé, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ ni 12 náà wà fún, kì í ṣe ìgò kan. Fún ohun tí a ń tà fún ẹni tí a kò mọ̀, gírámù 3 nínú ife tó gba mílílítà 250 ni mo fara mọ́. Gírámù 12 sí lítà kan nìyẹn, 120 sí lítà 10. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ lo 8 sí lítà kan, kí inú àwọn ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n mọ́. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò ti tó, bí ó bá ti lè mọ gírámù kan yàtọ̀ sí méjì.

Ó ku ti iná. Ògì tó kan dáadáa, pH rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) máa ń wà láàárín 3.5 sí 4. Inúlíìnì lè fara da iná, ó lè fara da kíkan, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá pàdé, okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, fruktose á sì tú sínú omi. Ìdí tí akpan yín fi dùn jù nìyẹn. Apá kan nínú ohun tí ẹ fowó rà fún kòkòrò ìfun ti di ṣúgà kó tó dénú ìgò, ìwúkàrà (levure) ló sì gbà á jẹ. Bí a bá kọ FOS tàbí "fructo-oligosaccharides" sára àpò, ẹ tún ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn tirẹ̀ kúrú. Inú chicorée ni wọ́n ti ń rí òmíràn nínú rẹ̀. Òmíràn, ṣúgà ìrèké ni wọ́n fi ẹ́ńsáìmù Aspergillus niger sọ di bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ará Japan ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1980.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹ se ògì tán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ má tíì fi nǹkankan sí i. Nínú ìkòkò mìíràn, ẹ se ìdajì lítà omi kó hó, ẹ jẹ́ kó wá sí bíi 60 °C, kí ẹ wá máa wọ́n gírámù 120 inúlíìnì sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rò ó. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣù, inú ibi tó ṣù náà yóò sì gbẹ síbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣù síbẹ̀síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ṣúgà gbígbẹ kí ẹ tó wọ́n ọn. Nígbà tí ògì bá ti tutù dé 40 °C tàbí kéré sí i, ẹ da omi inúlíìnì yìí pọ̀ mọ́ lítà 10, ẹ rò ó, ẹ rọ ọ́ sígò, kí ó sì bọ́ sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Nínú òtútù, kíkan ògì kò ní já a láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fi máa tà á.

Ẹ bá mi wo ara páálí kápúsù yẹn. Bí ẹ bá rí Saccharomyces boulardii, ọ̀rọ̀ ìgò tó wú ti tán. Ìwúkàrà ni. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Boulard, ló rí i lára èso litchi àti mangoustan ní Indochine, ó ti tó bíi ọgọ́rùn-ún ọdún. Oògùn dáadáa ni: oògùn apakòkòrò kò lè pa á, nítorí pé ìwúkàrà ni, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ ọ́ pọ̀ mọ́ apakòkòrò fún ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣí. Ṣùgbọ́n ìbátan ìwúkàrà búrẹ́dì àti ti bíà ni. Ẹ fún un ní ṣúgà nínú ìgò tí a dé pa, yóò ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe: afẹ́fẹ́ àti ọtí. Ọmọdé ń mu akpan yín, mùsùlùmí ń mu ún, kò yẹ kí ọtí wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Kò sì dára fún ẹni tí ara rẹ̀ ti hẹ, tí agbára àjẹsára rẹ̀ lọ sílẹ̀, tàbí tí a ki rọ́bà sí iṣan ńlá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí ó lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kí ó wà lọ́wọ́ dókítà. Kí ó má wà nínú ìgò ọjà.

Ẹ tún béèrè bóyá kòkòrò inú ògì fúnra rẹ̀ kò tó. Àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan, Lactobacillus plantarum àti fermentum pàápàá, dára. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kọjá 60 °C fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n ti kú. Ẹ̀kọ gbígbóná kò ní wọn láàyè mọ́. Akpan ní díẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin aláakpan kì í se gbogbo rẹ̀ jinná, ẹ máa ń fi ògì tútù lé e. Àṣà àtijọ́ ni, mi ò bú u, ṣùgbọ́n omi tí a fi sẹ́ ògì tútù yẹn ló ń pinnu ohun tó bá a wọlé, ìwúkàrà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi inúlíìnì àti ṣúgà sí i, ẹ se gbogbo rẹ̀ jinná, kí ẹ sì tún fi kòkòrò tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn iná.

Àjọ FAO àti WHO ti fi ìtumọ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2001: kí kòkòrò tó jẹ́ probiotique, ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, ó gbọ́dọ̀ tó iye, kí ó sì ṣe ara láǹfààní. Nítorí náà, lára páálí, ẹ wá orúkọ rẹ̀ títí dé lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, iye UFC (iye kòkòrò tó wà láàyè nínú rẹ̀), ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ìwọ̀n òtútù tí a ó fi pa á mọ́. Bí "ferments lactiques" nìkan ni wọ́n kọ, tí kò sí iye, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù ni Lactobacillus rhamnosus GG, tí Gorbach àti Goldin yọ jáde ní 1983. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn méjèèjì ni GG náà. Láti 2020 wọ́n ti yí orúkọ ìdílé rẹ̀ sí Lacticaseibacillus, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú, ọ̀kan náà ni.

GG yìí kò lè jẹ ṣúgà inú wàrà fúnra rẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àpò tí wọ́n ń lò ní Uganda, tí wọ́n ń pè ní Yoba, ṣe so ìbátan GG pọ̀ mọ́ Streptococcus thermophilus, tí yóò bá a já a. Bí ẹ bá rí irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ lè jẹ́ kí ó bí sí i nínú ìkòkò. Ẹ má lo ògì tó ti kan, kò ní sí ààyè fún un láti dàgbà níbẹ̀. Ẹ rẹ àgbàdo ní òru kan péré, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Sí lítà 10, wàrà ìyẹ̀fun gírámù 500 àti ṣúgà 300, kí gbogbo rẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó wá sí 42 °C, ìwọ̀n ooru gidi ni kí ẹ fi wò ó; ọwọ́ tí iná ti mọ̀ lára máa ń purọ́. Ẹ da àpò náà sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín, wákàtí 8 sí 12. Nígbà tí pH bá dé 4.5, inúlíìnì wọlé, kí òtútù sì tẹ̀ lé e.

Bí kò bá kan lẹ́yìn wákàtí 12, ẹ wádìí mẹ́rin yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti da àpò sí i nígbà tí ó ṣì gbóná jù. Ó ṣeé ṣe kí jàféèlì, omi apakòkòrò tí a fi ń fọ nǹkan, ṣì wà lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe kí àpò ti kú. Ẹ̀kẹrin ni wàrà tútù: bí ẹ bá ń ra ti àwọn Fúlàní láti ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n gún màlúù náà ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò láìpẹ́. Oògùn yẹn ń bá wàrà jáde, ó sì ń pa kòkòrò tiyín. Ìkòkò tó kan dáadáa, ẹ lè bu lára rẹ̀ fi ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ìgbà mẹ́ta, kòkòrò mìíràn á ti gba ilé.

Bí ó bá jẹ́ kápúsù GG nìkan ni ẹ rí, ẹ má retí pé yóò bí. Ẹ ka iye. Bí kápúsù kan bá ní bílíọ̀nù 5, ife márùn-ún ni yóò tó, bílíọ̀nù kan sí ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rò ó sí akpan tútù, kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Inú firísà ni kí ẹ pa á mọ́ sí bí páálí bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tú u nígbà tí ó ṣì tutù: ọ̀rinrin á rọ̀ sí i, á sì pa á. Ẹ gbé e síta fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó ṣí i. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ burú fún un ju òtútù díẹ̀ tó dúró lójú kan lọ, nítorí náà ìwọ̀nba ti oṣù kan ni kí ẹ máa rà.

Ṣúgà kan tún wà tó jẹ́ oúnjẹ kòkòrò ìfun, tí wọ́n ń kọ sára agolo wàrà ọmọ, 2'-FL (2'-fucosyllactose); wọ́n ń ṣe é nípa kòkòrò E. coli tí wọ́n tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe, wọ́n á sì sẹ́ kòkòrò náà kúrò. Yúróòpù ti fàyè gbà á láti 2016. Ohun tó wà nínú wàrà ìyá ni ó ń fara wé, wàrà ìyá sì ní oríṣiríṣi irú rẹ̀. Kò kan akpan, inúlíìnì náà kò sì kan ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Bí owó inúlíìnì bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, gọ́ọ̀mù arabíìkì wà lọ́jà, lọ́dọ̀ àwọn Hausa. Kòkòrò ìfun ńlá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì fara da ògì kíkan ju inúlíìnì lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ èèpo àti iyanrìn rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gírámù 10 sí lítà kan. Ẹ̀kọ tútù tí a dì sínú ewé náà ní tirẹ̀: bí sítáàṣì rẹ̀ ṣe ń tutù ni apá kan ń le débi pé ìfun kékeré kò ní lè dà á mọ́, ó di oúnjẹ fún ìfun ńlá.

Ìgò tó ti wú, ẹ dà á nù, ẹ má tún un sè fún títà. Ìyẹ̀fun inúlíìnì tó kù, ẹ fi í sínú ike gbígbẹ tó dé pinpin, nítorí ó máa ń fa ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ mọ́ra. Bí ó bá di òkúta, tí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ kò yí padà, ẹ gún un nínú odó tó gbẹ, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un wọ̀n kí ẹ tó lò ó.