Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọn oko kòkó yín

Arákùnrin, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra kòkó wá wọn oko tí bàbá yín fi sílẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Ó yẹ, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbọ́.

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 ló bí i: kòkó orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn kan sì ń pè é ní ariwo lásán. Èmi kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Láti fi ibi tí kòkó ti wá hàn ni wọ́n ṣe ń wọn oko: oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ, ojú kan péré lórí àwòrán ilẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà sínú àwòrán náà.

Ààlà yìí gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń dáko kòkó ní agbègbè Ifẹ̀ ni kì í ṣe onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni à ń san. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù wá sí oko wa láti fi ka igun ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ rò pé ìwé ilẹ̀ ni a fẹ́ gbà lẹ́yìn òun, ó sì kọ̀ láti gba ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà. Ẹni tó bá ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ni wọ́n bá wa pẹ̀tù sí i, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí igi kòkó ni àwòrán náà dúró lé, kì í ṣe orí ilẹ̀, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ onílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló mú wa rìn láti ìdí pèrègún kan dé òmíràn, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé aládùúgbò ti jẹ wọ ilẹ̀ òun!

Bí oko yín bá wọ igbó ìjọba, irú èyí tó wà ní Ṣáṣá, àwòrán nìkan kò lè gbà yín, nítorí òfin náà béèrè pé kí kòkó bá òfin ilẹ̀ wa mu pẹ̀lú. Ẹ má sì ṣán igbó tuntun mọ́ ọn. Inú oko àgbà náà ni kí ẹ ti máa fi irúgbìn tuntun láti ilé ìwádìí kòkó n'Ìbàdàn rọ́pò àwọn igi tó ti gbó.

Ní ti owó, alágbàtà tèmi kò tíì fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí àwòrán. Síbẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà àwòrán oko yín lọ́wọ́ àwọn tó bá wá wọn oko lọ́jọ́ náà gan-an, kó má baà di pé alágbàtà kan ṣoṣo ni ẹ lè tà fún.