Ṣé dísìkì bíréèkì oníhò máa jẹ́ kí Mazda MX-5 mi tètè dúró?

Rárá, dísìkì oníhò nìkan kò lè ṣe é. Bí bíréèkì tó wà lára ọkọ̀ yín bá ti lágbára débi tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì) fi ń ṣiṣẹ́, táyà ló kù tó máa pinnu ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí.

Ooru ni dísìkì tó dára ń bá yín gbé. Ní pápá eré ìje, títẹ bíréèkì léraléra lè mú dísìkì gbóná kọjá 500°C, páàdì tí wọ́n ṣe fún ojú títì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Dísìkì tó fẹ̀ tó sì nípọn ló ń gba ooru yẹn mọ́ra. Ihò ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ rà á: etí ihò wọ̀nyẹn ni irin ti sábà máa ń kọ́kọ́ sán. Èyí tójú rẹ̀ dán, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí lójú, sàn jù.

Ká ní èmi ni, páàdì àti òróró bíréèkì ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé. DOT 4 (irú òróró bíréèkì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, àmọ́ ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá ti gbó, ó lè hó ní nǹkan bí 155°C, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ lórí bíréèkì, ọkọ̀ ò ní dúró. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ dísìkì, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà ni o.