Èwo ni kí n kọ́kọ́ tan lórí ampilifáyà rédíò tó ń lo tiransísítọ̀ GaN (gallium nitride): iná gate (ẹsẹ̀ tó ń darí tiransísítọ̀) àbí iná drain (ẹsẹ̀ tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà wọ inú rẹ̀)?

Gate ni kí o kọ́kọ́ fún ní iná, kó jẹ́ fóltì òdì tó lè ti tiransísítọ̀ náà pa pátápátá, kí iná drain tó wọlé. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ GaN HEMT (irú tiransísítọ̀ tó wà nínú ampilifáyà yìí) ló máa ń ṣí sílẹ̀ fún kọ́rẹ́ǹtì láti kọjá nígbà tí gate bá wà ní 0 V. Bí 28 V tàbí 50 V bá bá drain nírú ipò bẹ́ẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó máa ya wọlé lè jó o kí o tó ṣẹ́jú. -5 V sábà máa ń tó, àmọ́ ìwé àlàyé tiransísítọ̀ náà ló ni àṣẹ. Lẹ́yìn náà, rọra gbé fóltì gate sún mọ́ 0 títí kọ́rẹ́ǹtì drain yóò fi dé iye tí o fẹ́, kí o tó fi àmì rédíò sí i.

Bí o bá fẹ́ pa á, àmì rédíò ni kó kọ́kọ́ lọ. Dá gate padà sí -5 V, kí o wá pa drain. Má tíì yọ iná gate títí àwọn kapásítọ̀ ọ̀nà drain yóò fi tú iná inú wọn tán. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Àwọn módù kan ní sákíìtì tó ń ṣe gbogbo ètò yìí fúnra rẹ̀.