Ohun tó tẹ̀lé "get" ni kí ọmọ yín máa wò

Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Ẹ ní ọmọkùnrin yín tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ ní Ìsánlú ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó bá ìtumọ̀ jaburata lábẹ́ "get", ó sì ti ń há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yàgbà àti Ìjùmú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, n kò sì tíì rí èyí tí àhásórí gbè nípa ọ̀rọ̀ ìṣe yìí. Kó máa wo ohun tó tẹ̀lé e nínú gbólóhùn, nítorí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń yọjú.

Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e, rírí tàbí gbígbà ni: "She got a letter." Bí "to" àti orúkọ ibì kan bá tẹ̀lé e, dídé ni: "We got to Kabba before dark" túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kò tíì ṣú tí a fi dé Kàbà. Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá tẹ̀lé e, nǹkan ti kúrò ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀: "get old" ni kí ènìyàn darúgbó, "get angry" ni kí inú bí i. Ìwọ̀nyí kì í sábà dá àwọn ọmọ wa láàmú.

Èyí tó ń kó bá wọn ni Píjìn tí a ń sọ ní gáréèjì àti lọ́jà láti Lọ́kọ́jà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, nítorí pé níní ni "get" jẹ́ níbẹ̀. "I get two brothers" tọ̀nà lẹ́nu ẹni tó ń sọ Píjìn, ṣùgbọ́n nínú àròkọ, "I have two brothers" tàbí "I have got two brothers" ni kó kọ. "Gotten" tó ń gbọ́ nínú fíìmù, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Kó di "got" mú.

Ibi tó le jù lọ ni iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá wa ṣe. Yorùbá a máa sọ pé "mo gẹ irun" tàbí "mo rán aṣọ" láìdárúkọ onígbàjámọ̀ tàbí télọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣì wá gbọ́. Nítorí náà ni ọmọ ṣe ń kọ "I barbed my hair" àti "I sewed a new dress", tí ẹni tó ń kà á yóò sì rò pé òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Ọmọbìnrin kan kọ irú rẹ̀ nínú àròkọ nípa ọdún Àjíǹde. Mo pè é síwájú, mo bi í pé, "Ta ló rán aṣọ náà?" Ó ní, "Télọ̀ màmá mi ni, sà." Mo kọ "I got my dress sewn" sára pátákó, mo sì fi ìka tọ́ka sí i pé aṣọ ló wà láàárín, past participle (irú ọ̀rọ̀ ìṣe bíi "sewn" yìí) ló sì kẹ́yìn. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ "We got our roof repaired" sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìjì ti ṣí òrùlé wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń ní kí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ ilé ara wọn ṣe àpẹẹrẹ.

Bí a bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà, "to" kò gbọ́dọ̀ sọnù: "I got the tailor to sew it", bẹ́ẹ̀ a kì í fi "to" sí i bí ó bá jẹ́ "make": "I made the tailor sew it." "Get" yìí a máa ní ẹ̀bẹ̀ tàbí ìyíniléròpadà nínú, ẹni tó bá sọ pé "I got my father to agree" ń jẹ́ ká mọ̀ pé bàbá náà kò tètè gbà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín ṣọ́ra: "He got his phone stolen" kò túmọ̀ sí pé ó bẹ olè lọ́wẹ̀, àjálù ló bá a.

Ní ti "get over", "get by" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, bó bá ti ń pàdé wọn nínú ìwé tó ń kà ni kó máa kọ odindi gbólóhùn náà sílẹ̀. Ní báyìí, kó kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá yín ṣe nílé. Bí ẹ bá fi wọ́n ránṣẹ́ síbí, èmi yóò yẹ̀ wọ́n wò.