Corolla mi ń jẹ epo jù: ṣé kí n yáwó ra sẹ́ńsọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Corolla 2005 tòkunbọ̀ ni mò ń wà, jíà ọ̀tọmátíìkì. Lítà 40 tí mo rà, 250 péré ni mítà kà kó tó tán. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjì àti gbogbo nọ́sù tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì. Owó náà ju owó oṣù mi lọ. Ṣé kí n yá a?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yáwó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀rù owó epo ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra ohun tí ọkọ̀ wọn ò béèrè, epo náà ò sì dín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ 250 yẹn wò. Púpọ̀ nínú Corolla tòkunbọ̀ ọwọ́ wa, Amẹ́ríkà ló ti wá, máìlì sì ni mítà wọn ń kà. Ẹ wo ojú mítà eré. Bó bá jẹ́ pé MPH ló ni àwọn nọ́ńbà ńlá, tí km/h sì ni àwọn kékeré, máìlì lẹ rìn. Máìlì 250 jẹ́ bíi kìlómítà 400, ìyẹn kìlómítà 10 lórí lítà kan. Fún ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ìyẹn ò burú. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú ó lè dé 12 tàbí 13. Àmọ́ bó bá jẹ́ kìlómítà 250 lóòótọ́, lítà kan ò gbé yín ju kìlómítà 6 àti díẹ̀ lọ. Àìsàn nìyẹn.

Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ rọ epo kún táǹkì títí páàǹpù á fi dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ dá trip, mítà kékeré tó ń ka ìrìn, padà sí òdo, ẹ wa ọkọ̀ yín bí ẹ ṣe ń wà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ fi pín iye tí ẹ rìn. Ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ epo lásán ò lè mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ.

Bí àìsàn bá wà, bọ́tìnnì O/D ara ọ̀pá jíà ni mo máa kọ́kọ́ wò. Àwọn awakọ̀ wa máa ń tẹ̀ ẹ́ láti fi gun òkè, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gùn ún tán, wọn kì í rántí tẹ̀ ẹ́ padà. Bí "O/D OFF" bá ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ò ní wọ jíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, iná náà á kú. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ thermostat ló máa ń dùn mí jù. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, àwọn kan nínú àwa mẹkáníìkì á yọ ọ́ dànù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí omi rédíétọ̀ lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, bíi 82°C. Bí kò bá sí, omi á máa yí kiri ṣáá, ẹ́ńjìnnì ò ní tètè móoru, brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ ni, á sì máa bu epo kún un. Ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru: lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà, ó yẹ kó ti dúró nítòsí àárín. Bó bá ń rẹlẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yọ ọ́. Owó thermostat tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó nọ́sù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá a padà, ẹ rí i pé wọ́n wá ohun tó mú ọkọ̀ gbóná nígbà náà: rédíétọ̀ tó dí, fáànù tí kì í tètè ṣiṣẹ́, tàbí páàǹpù omi tó ti kú. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jóná.

Ẹ má sì fi jíà sí fíríì (N) tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Bí jíà bá wà ní D tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí ẹ fi ń sáré, nọ́sù ò ní tú epo sílẹ̀. Ní fíríì, ẹ́ńjìnnì ṣì ń mu epo kó má baà kú, bíréèkì nìkan ló sì ń di gbogbo ọkọ̀ mú. Ẹ̀mí yín wà níbẹ̀.

Táyà, kí fọgánáísà wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra. Iye tó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ẹ bá dúró tí àgbá táyà kan gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì ibẹ̀ ló ń há. Fílítà afẹ́fẹ́ àti plọ́ọ̀gì, ẹ wò wọ́n.

Sẹ́ńsọ̀ wá ńkọ́? Ó lè bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín scan ọkọ̀, kó fi kóòdù hàn yín. P0135 ń sọ nípa ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ oxygen gbóná. Ó lè jẹ́ wáyà tàbí fíúsì. P0172 ń sọ pé epo ti pọ̀ jù, kò sọ ẹni tó ń tú u. Wọ́n lè fi oògùn tirẹ̀ fọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, wọ́n sì lè kó nọ́sù sórí ẹ̀rọ kí wọ́n mọ èyí tó ń jò. Èyí tó bá jò nìkan ni kí ẹ san owó rẹ̀.